Ṣé Kí N Ra Ilẹ̀ Etí Odò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n fẹ́ ta púlọ́ọ̀tì kan fún mi ní bèbè odò n'Íbàdàn, ní ìdajì iye tí wọ́n ń ta ti òkè ọ̀hún. Ẹni tí ó ń tà á ní omi kò dé ibẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá, àti pé àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, kí n ṣáà mọ ògiri kọnkéré. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni ẹni náà ń sọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá kéré láti fi mọ ìwà odò. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa tí ó la Ìbàdàn kọjá kún àkúnya, ó sì gba ẹ̀mí tí ó lé ní 200. Ó di ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, kí omíyalé tí ó pa èèyàn tí ó lé ní 100, tí ó sì gbé afárá lọ, tó tún kọlu ìlú náà.

Èyí tí ó burú jù ni pé odò náà kò rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí igbó òkè odò bá ti ń di ilé, tí wọ́n ń kan páànù sórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń da kọnkéré sí àgbàlá, òjò tí ilẹ̀ ì bá rọra fà mu yóò ya wọ inú odò lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì bá pàǹtírí tí ó dí ojú afárá pàdé. Ilé tí wọn kò tíì kọ́ lókè ni yóò gbé omi wá bá yín nísàlẹ̀. Ní ti ògiri, ilé aládùúgbò yín ni yóò darí omi sí. Lẹ́yìn ọdún 2011, Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní 200 mílíọ̀nù dọ́là láti kojú omíyalé Ìbàdàn; síbẹ̀, lójú tèmi, kò sí iye afárá tí yóò gba omi tí ilé ti gba ọ̀nà rẹ̀.

Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí i, ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ìlà ẹrẹ̀ lára ògiri ilé tí ó wà nítòsí, àti ọ̀rá tí ó há sí ẹ̀ka igi. Bí ọ̀rá náà bá ga ju orí yín lọ, ibi tí omi dé nìyẹn. Ẹ bi àwọn ìyá tí wọ́n ti pẹ́ ládùúgbò, kì í ṣe ẹni tí yóò jẹ nínú owó ilẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ mú ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Owó kan náà yóò ra hááfù púlọ́ọ̀tì lókè fún yín.