Ẹ Bi Wá Léèrè: Fèrèsé tí Kóòdù Ṣí àti Èyí tí Kò Lè Tì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ ìkànnì kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá tẹ bọ́tìnnì “San Owó”, kóòdù mi máa ń kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ìdúnàádúrà lọ́dọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀), kí ó tó ṣí fèrèsé tuntun tí wọn yóò ti sanwó. Geere ni gbogbo rẹ̀ ń lọ lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n lórí fóònù ọ̀pọ̀ nínú wọn, fèrèsé náà kì í yọjú rárá. Mo wá fi lìǹkì lásán sí abẹ́ bọ́tìnnì fún irú wọn. Àwọn tí wọ́n gba ibẹ̀ wọlé ń rí owó san, àmọ́ ojú ìwé ìkẹyìn, tí mo kọ window.close() (àṣẹ tí ń ti fèrèsé) sí, kì í tì. Níbo ni ìṣòro wà?

Ìdáhùn: Ìṣòro méjì ni ẹ kó pọ̀ sójú kan. Àsìkò ni ó fa ti àkọ́kọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí Ethan Zuckerman ń ṣiṣẹ́ ní Tripod.com, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń kọ́ ojú ìwé tiwọn, ó kọ kóòdù tí ó gbé ìpolówó ọjà sínú fèrèsé ọ̀tọ̀, kí ó má baà jókòó sójú ìwé tí oníbàárà kọ. Òun fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì ní gbangba ní 2014. Àṣejù àwọn olùpolówó tí wọ́n tẹ̀ lé e ni ó sọ ọ́ di ìyọlẹ́nu, débi pé nígbà tí yóò fi di 2004, Internet Explorer pàápàá, nínú Service Pack 2 ti Windows XP, ti ń dí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ní báyìí, búráúsà (ètò tí a fi ń wo ìkànnì, bíi Chrome àti Safari) kì í gbà kí kóòdù ṣí fèrèsé àfi bí ọwọ́ ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan nǹkan lójú ìwé náà.

Àyè tí ìka yẹn ṣí sílẹ̀ kì í pẹ́. Nínú Chrome, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 ni. Safari kò tilẹ̀ ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín yá, sáfà sì ń dá yín lóhùn kíákíá. Ọmọ ẹgbẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà ní ọjà Bódìjà yóò ti dúró kọjá àsìkò yẹn kí kóòdù yín tó dé orí window.open (àṣẹ tí ń ṣí fèrèsé), null (ìyẹn ni pé kò sí fèrèsé) ni yóò sì dá padà. Fèrèsé kan ṣoṣo náà ni títẹ̀ kan lè ṣí.

Ẹ yí ètò rẹ̀ padà. Ẹ ṣí fèrèsé òfìfo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ tó ké sí sáfà, kí ẹ sì darí rẹ̀ síbi tí ó yẹ nígbà tí èsì bá dé:

    const f = window.open("", "isanwo");
    const esi = await gbaNomba();
    if (f) f.location.href = esi.adiresi;
    else fiLinkiHan(esi.adiresi);

Orúkọ “isanwo” yẹn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: bí ẹni tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, fèrèsé kan náà ni kóòdù yóò lò. Ẹ kọ “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀” sínú rẹ̀, nítorí ojú funfun lásán a máa já ẹni tí ó fẹ́ sanwó láyà. Ẹ má sì fi noopener (ọ̀rọ̀ tí ń gé fèrèsé tuntun kúrò lára èyí tí ó ṣí i) kún un. Bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí, null ni ẹ ó rí gbà.

Ní ti títì, òfin rẹ̀ ni pé kóòdù kò lè ti fèrèsé tí kóòdù kò ṣí, àyàfi bí fèrèsé náà kò bá tíì kọjá ojú ìwé kan ṣoṣo. Ọwọ́ ara wọn ni àwọn tí wọ́n gba orí lìǹkì fi ṣí tiwọn, wọ́n sì ti gba ojú ìwé ilé-iṣẹ́ ìsanwó àti ti báǹkì kọjá. Ẹ má bá búráúsà jà lórí èyí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ètò ti parí, kí ẹ sì fi lìǹkì tí yóò dá wọn padà sí ìkànnì ẹgbẹ́ sí i. Fún àwọn tí kóòdù ṣí tiwọn, kí ojú ìwé ìkẹyìn fi postMessage (àṣẹ tí fèrèsé kan fi ń bá èkejì sọ̀rọ̀) ránṣẹ́ sí window.opener (fèrèsé tí ó ṣí i), kí ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹ event.origin (àdírẹ́sì ìkànnì tí ọ̀rọ̀ náà ti wá) wò dáadáa, kí ó tó fi f.close() tì í.

Ohun tí ó kàn mí jù ni èyí tí ẹ kò mẹ́nu bà: báwo ni ìkànnì yín ṣe ń mọ̀ pé owó ti wọlé? Àwọn kan máa ń wo f.closed (tí ń sọ bóyá fèrèsé ti tì), bí ó bá ti di true (bẹ́ẹ̀ ni), wọ́n gbà pé oníbàárà ti sanwó. Ẹni tí ó yí ọkàn padà, tí ó sì ti fèrèsé láìsan kọ́bọ̀, true náà ni yóò fún yín. Bí ojú ìwé ìsanwó bá sì ń lo Cross-Origin-Opener-Policy (ìlànà tí ìkànnì fi ń ya fèrèsé rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìkànnì mìíràn) tí a kọ same-origin sí, búráúsà yóò já okùn tí ó so fèrèsé méjèèjì pọ̀: f.closed yóò di true nígbà tí ẹni náà ṣì ń tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, postMessage kò sì ní dé. Ẹ jẹ́ kí sáfà yín béèrè lọ́wọ́ sáfà ilé-iṣẹ́ ìsanwó, èsì ìyẹn nìkan ni kí ẹ fi kọ owó sí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kí ìkànnì mi kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ti fèrèsé láìtíì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ṣé mo lè fi Yorùbá kọ ìkìlọ̀ náà?

Ìdáhùn: Rárá. beforeunload (ohun tí kóòdù ń lò kí ojú ìwé tó tì) lè mú kí búráúsà béèrè bóyá ó dá ẹni náà lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti búráúsà fúnra rẹ̀ ni yóò hàn, kò sì ní hàn rárá bí ẹni náà kò bá tíì fọwọ́ kan ojú ìwé. Lórí fóònù, kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ kúkú máa tọ́jú ohun tí wọ́n kọ sínú localStorage (ibi ìpamọ́ inú búráúsà) bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, àti nígbà tí visibilitychange bá fi hàn pé ojú ìwé ti kúrò lójú.

Ìbéèrè: Mo kọ width=400,height=600 sínú window.open, síbẹ̀ táàbù tí ó gba gbogbo ojú fóònù ni ó ń ṣí.

Ìdáhùn: Fóònù kì í ka ìwọ̀n yẹn sí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní ṣí fèrèsé tuntun lórí fóònù rárá: ojú ìwé kan náà ni n ó darí lọ síbi ìsanwó, kí ilé-iṣẹ́ náà sì darí rẹ̀ padà sí àdírẹ́sì tí mo bá fún un.