Ṣé òjò lásán ni àbí ikú?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, nínú ewì kan tí a kà, akéwì ní òjò ń sunkún sórí òrùlé. Tíṣà ní ikú ló ń sọ, èmi ní òjò lásán ni. Ta ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Òjò kì í sunkún, èèyàn ló ń sunkún, ìfohunpènìyàn nìyẹn, torí náà kò lè jẹ́ òjò lásán mọ́, ìbànújẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ikú kẹ̀? Àfi tí àwọn ìlà tó kù bá gbè é lẹ́yìn o, ẹ padà lọ wò wọ́n dáadáa. Wimsatt àti Beardsley, àwọn onímọ̀ méjì tó kọ̀wé nípa lítíréṣọ̀, ti sọ ọ́ ní 1946 pé ohun tó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé kọ́ ni òṣùwọ̀n, ohun tó kọ sílẹ̀ ni. Mo gbà fún wọn, àmọ́ tí akéwì bá ṣàlàyé fúnra ẹ̀, màá ṣì tẹ́tí sí i.