Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ìyá Tó Bí Wọn

Ẹ ní ìyá àgbà yín ní Ọjà-Ọba n'Ìbàdàn ti ń gbàgbé nǹkan, pé ẹbí fẹ́ pàdé nígbà Kérésì, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ ó ti mú ìtàn agboolé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de Kérésì. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ jókòó ti màmá.

Òwúrọ̀ ló dáa jù, bí aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun. Ogójì ìṣẹ́jú ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti rẹ àgbàlagbà, ohun tó bá ṣáà ti bọ́ sí wọn lẹ́nu ni wọ́n á máa sọ kí wọ́n lè rí ààyè sinmi. Ẹ fi fóònù sí flight mode, torí ìpè kan lè dá ohùn tí ẹ ń gbà dúró láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ ká aṣọ sábẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, kí ó má sì jìnnà sí ẹnu wọn ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ẹ pa fáànù. Kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà níjòókòó sínú rẹ̀.

Oríkì ni kí ẹ fi ṣí ọ̀rọ̀: "Màmá, ẹ kì wá." Àgbà tó ti gbàgbé ohun tó jẹ láàárọ̀ ṣì lè ki oríkì orílẹ̀ láìsinmi, inú rẹ̀ lẹ ó sì ti rí ibi tí àwọn bàbá yín ti ṣí wá. Bùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Ọmọ Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló kóra jọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń kì yín ní ọmọ Oníkòyí, ẹ ti mọ orírun, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn kọ ọ́ pé Ìkòyí ni wọ́n ti gbà tààrà dé Ìbàdàn. Ogun ti lé ọ̀pọ̀ kúrò ní ìlú méjì, mẹ́ta kí wọ́n tó rí ibi dúró. Ẹ má sì fo àwọn ìyàwó ilé. Àwọn ló ń ki ọkọ, wọ́n sábà máa ń mọ oríkì ilé ju ọmọkùnrin ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ń da iṣẹ́ yìí rú jù ni "bàbá". Nínú agboolé, bàbá ni ẹni tó bí ni, bàbá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá ni bàbá àgbà náà. Ẹni tó bá kàn ń kọ ohun tó gbọ́ yóò sọ àbúrò di ọmọ, yóò sì fi ìran kan kún igi ìdílé láìsí ìdí. Nítorí náà, fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dárúkọ, ẹ bi wọ́n pé: "Ìyá wo ló bí wọn? Ìyekan (ọmọ ìyá kan) ni wọ́n àbí ọbàkan (ọmọ bàbá kan)?" Ẹ fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, láti orí ìyálé, kí ẹ sì to àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe bí wọn, pẹ̀lú àwọn tó kú ní kékeré. Ìdí igi, ìyẹn ojú ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fi ń pín ogún láti ọjọ́ pípẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kì í fi í ṣì í. Orúkọ àwọn ìyàwó fúnra wọn ló ń sọnù. "Ìyá Alákàrà" kò tó; ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n àti agboolé bàbá wọn.

Èkejì ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ Bùráímọ̀ ní mọ́sálásí, Àkànní lẹ́nu ìyá rẹ̀, Bàbá Ṣadé lẹ́nu ará ilé. Bí ẹ kò bá ṣọ́ra, ó ti di èèyàn mẹ́ta nínú ìwé. Ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà kan, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà tún ń bá yín yẹ iṣẹ́ wò. Bí Ìdòwú bá wà tí kò sí ìbejì lókè rẹ̀, ọmọ méjì ti bọ́ nìyẹn. Bí Bàbátúndé bá wà, bàbá àgbà kan ti kú kí wọ́n tó bí i. Málọmọ́ ń sọ fún yín pé àwọn kan ti wá, wọ́n ti lọ.

Ẹ má bi màmá ní ọdún tí wọ́n bí wọn. Èyí tó wà nínú ìwé ilé-ìwé pàápàá, ẹ rọra gbà á gbọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n gbà síléèwé torí pé ọwọ́ rẹ̀ gba orí kan etí kejì. "Ọmọ wo lẹ pọ̀n nígbà náà?" ni ìbéèrè tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá so ó mọ́ ohun tí ọjọ́ rẹ̀ dájú: omíyalé Ògùnpa (31 Oṣù Kẹjọ 1980), ìgbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn (1 Oṣù Kìíní 1973), ìgbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún (2 Oṣù Kẹrin 1972), Àgbẹ̀kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀ lórí owó orí (1968 sí 1969), ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ (Oṣù Kìíní 1955). Tí wọ́n bá ní àwọn ti ń rìn nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, ẹ kọ "bí 1927", kí ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ sọ fún Mọ́gàjí, olórí agboolé, kí ẹ tó wọ ilé kejì. Tí ará ilé bá rí ẹni tó ń kọ orúkọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè ló máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn, ẹnu á sì pa dé. Bí ìtàn ojúlé méjì bá ta kora, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́. Bó bá dórí ẹrú tàbí ìwọ̀fà, tí wọ́n ní kí ẹ pa fóònù, ẹ pa á. Ẹ má ka apá yẹn níwájú ìpàdé. Àwọn ọmọ wọn ló wà níjòókòó yẹn.

Ẹ dé abúlé oko ẹbí yín pẹ̀lú. Ẹni tó kú sí oko tí ará ìlú ti gbàgbé, wọ́n mọ sàréè rẹ̀ níbẹ̀. National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn wúlò fún ẹjọ́ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè. Fáìlì Iba Div (ti Ibadan Division) àti Oyo Prof (ti Oyo Province) ni kí ẹ béèrè. Orúkọ agboolé àti ti abúlé ni kí ẹ fi wá a, láìsí àmì ohùn, kí ẹ sì tún dán "sh" wò níbi tí a ti ń kọ "ṣ".

Ní ọjọ́ ìpàdé, ẹ lẹ ojú ìwé ìyàwó kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri pẹ̀lú àyè fífẹ̀, kí ẹ so pẹ́ńsù mọ́ ọn. Àwọn èèyàn á tún un ṣe fúnra wọn, ohun tí ẹ ó sì rí gbà nínú wákàtí kan á ju ti oṣù kan lọ. Ẹ má gbé ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè sórí Facebook. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ kó ẹ̀dà kan fún Mọ́gàjí, kan fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, kan fún àwọn tó wà ní abúlé.