Lẹbẹ tí wọ́n gé lẹ́yìn salmon

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àìsàn o. Ẹja salmon tí ẹ rí ní Lake Michigan (adágún ńlá kan ní Amẹ́ríkà), tí ẹ ní kò ní lẹbẹ kékeré ẹ̀yìn tó sún mọ́ ìrù yẹn, àwọn tó ń sin ọmọ ẹja fún ìjọba ló gé e kí wọ́n tó dà á sódò, wọ́n á tún ki wáyà tíntìntín kan sí i nímú, gígùn ẹ̀ ò ju bíi mìlímítà 1 lọ, nọ́ńbà sì wà lára ẹ̀ (máíkíróskóòpù ni wọ́n fi ń kà á, ẹ gbà mí!). Ẹ má ju orí ẹ̀ nù jàre, wáyà yẹn wà nínú ẹ̀, ẹ fún àwọn tó ń gba orí ẹja létí omi. Àwọn tí lẹbẹ wọn ṣì pé ni wọ́n fi mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Chinook (irú salmon kan) adágún náà ló jẹ́ pé inú odò ni wọ́n bí wọn sí, ẹnikẹ́ni ò dà wọ́n síbẹ̀. Alewife, ẹja kékeré tí àwọn Chinook yìí ń jẹ, náà sì ń tán lọ, ni ìjọba bá dín iye Chinook tí wọ́n ń dà sómi kù ní 2013.