Ìkànnì mẹ́fà lè jẹ́ ẹnu kan ṣoṣo

Ẹ ní bàbá yín fẹ́ pa oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà kọ fún wọn tì, kí wọ́n máa mu oje ewúro nìkan, nítorí pé ìkànnì mẹ́fà lórí ayélujára ló sọ pé ewúro ń wo àtọ̀gbẹ sàn pátápátá, ẹ sì ń bèèrè bóyá ẹ̀rí mẹ́fà kò tíì tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dá oògùn náà dúró láìjẹ́ pé dókítà wọn mọ̀ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ ló kù kí ó gba ẹ̀mí ìyá mi. Ní ìdájí ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, nígbà tí ìbẹ̀rù Ebola gba ìlú kan, tẹbí tọ̀rẹ́ ń pè wá pé kí a fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má rò pé n kò wádìí o. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú Google gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo rí búlọ́ọ̀gì mẹ́rin tí wọ́n ń sọ bákan náà, ọkàn mi sì balẹ̀. Ìyá mi, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra tipẹ́, mu ife kan tí èmi fúnra mi bu síbí iyọ̀ ńlá méjì sí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a sì lò ní ilé ìwòsàn. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nípa omi iyọ̀ mímu. Àjọ yìí ló sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi síbí kékeré kan.

Nígbà tí ara wọn yá, mo padà sí ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àṣìkọ kan náà wà ní ibì kan náà nínú gbogbo wọn! Mo da gbólóhùn kan kọ láti inú ọ̀kan, mo fi àmì àyọlò (“ ”) sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ kí Google lè wá a bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó sì kó àìmọye ojú ewé jáde tí wọ́n ṣe àdàkọ ara wọn láìsí ẹni tó sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin tí mo gbọ́kàn lé, ẹnu kan ni gbogbo wọn.

Àṣìṣe mi kejì wà nínú bí mo ṣe bèèrè. Ẹni tó bá tẹ "ewúro ń wo àtọ̀gbẹ sàn", àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni yóò pọ̀ jù lọ níwájú rẹ̀. Ẹ kọ "ìtọ́jú àtọ̀gbẹ" lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ wá kọ site:who.int láìsí àlàfo kankan nínú rẹ̀, kí Google lè mú èsì wá láti ìkànnì Àjọ Ìlera Àgbáyé nìkan. Ìwádìí lórí ewúro wà lóòótọ́, n kò bú ewúro, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe lára eku. Búlọ́ọ̀gì ló máa ń sọ eku di ènìyàn. Bí nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń ta àgbo inú ìgò bá wà nísàlẹ̀ ojú ewé, ẹ ti mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Kí nọ́ńbà NAFDAC ara ìgò má sì tàn yín jẹ: lára ọ̀pọ̀ àgbo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Ẹ má bá bàbá jiyàn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí àwọn fúnra wọn mú gbólóhùn kan nínú ìkànnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí wọ́n fi àmì àyọlò sí i, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi kò gbà mí gbọ́ títí wọ́n fi fi ojú ara wọn rí àṣìkọ yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.