Wọ́n ní ọ̀nà ọkọ̀ wa lọ sí Scoresby Sund lè yí padà, ṣé ká ṣì lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti màmá mi tó jẹ́ ẹni ọdún 67 ti sanwó ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Scoresby Sund ní ìlà oòrùn Greenland ní ìparí August. Nígbà tí ìwé ètò dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ibi tá a máa yà sí ló lè yí padà nígbàkigbà. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbowó wa jẹ? Màmá sì ń bẹ̀rù ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sí èbúté yẹn.

Ìdáhùn: Rárá o, wọn ò gbowó yín jẹ. Èmi tí mò ń wa ọkọ̀ rọ́bà láàárín yìnyín, ìwé ètò tí kò bá ní ọ̀rọ̀ yẹn nínú gan-an ló máa ń kọ mí lóminú, torí kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ibẹ̀ fún yín. Ẹ wò ó, láti Òkun Arctic lókè lọ́hùn-ún ni ìṣàn omi ti ń ru yìnyín bọ̀ wá sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun yẹn, ó sì máa ń dí ẹnu fjord náà (apá òkun tóóró tó wọnú ilẹ̀ láàárín òkè, òun ni Scoresby Sund) pa fún bí oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nǹkan bí ìparí July sí September ni ọkọ̀ àlejò ń rí ọ̀nà wọlé, nínú oṣù wọ̀nyẹn náà ẹ̀fúùfù kan lè fẹ́ lóru kí yìnyín ti kún ẹnu ọ̀nà kílẹ̀ tó mọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ máa ń yẹ àwòrán yìnyín tí àjọ ojú ọjọ́ Denmark ń gbé jáde wò, àmọ́ ohun tó bá fojú ara ẹ̀ rí níwájú ló máa tẹ̀ lé.

Ibẹ̀ ò sì kéré. Ó wọnú ilẹ̀ tó bíi 350 kìlómítà, apá ẹ̀ pọ̀, tí ibì kan bá dí, wọ́n á yà síbòmíì. Ìgbà kan wà tá a ò lè dé Røde Ø, erékùṣù olókùúta pupa tí gbogbo èèyàn fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀, inú àwọn àlejò ò dùn rárá, ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà la bá agbo musk ox, ẹranko ńlá onírun gígùn, pàdé ní Jameson Land, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fjord náà, wọ́n ń jẹko, ẹnikẹ́ni ò lè sọ̀rọ̀. Béárì funfun náà lè yí ètò padà o: àwa tá a gbébọn la kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ wò yíká, tá a bá rí i, kò sẹ́ni tó ń sọ̀, tí ẹ bá sì ti wà nílẹ̀, gbogbo yín á padà sínú ọkọ̀ kíákíá.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn ni pé ìrànlọ́wọ́ jìnnà. Ittoqqortoormiit nìkan ni ìlú tó wà ní gbogbo agbègbè yẹn, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò tó 400. Ní September 2023, ọkọ̀ àlejò kan tí èèyàn 206 wà nínú ẹ̀ há sílẹ̀ ní Alpefjord, níhà àríwá ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ọjọ́ mẹ́ta ló lò kí wọ́n tó fà á jáde. Oṣù yẹn kan náà ni òkè kan ya lulẹ̀ sínú Dickson Fjord, omi ru sókè tó 200 mítà, Ọlọ́run ló ṣe é tí kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Torí náà tí ọ̀gá ọkọ̀ bá ní ẹ ò lọ mọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá a jà.

Èyí tẹ́ ẹ máa ṣe báyìí: ẹ yẹ ìnṣọ́ránsì yín wò bóyá ó máa san owó ẹlikọ́pítà tí wọ́n bá ní láti gbé màmá jáde, ọ̀pọ̀ ni kì í san án. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tó máa gbéra lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé yín padà dé gan-an. Kí oògùn màmá ju iye ọjọ́ ìrìn àjò lọ. Ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ni ọkọ̀ ń kó, torí bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni àkókò tẹ́ ẹ máa lò nílẹ̀ á ṣe kéré tó. Kẹ́ ẹ má wọ jíǹsì o, tó bá ti tutù kì í gbẹ.

Ní ti ọkọ̀ rọ́bà, màmá ò ní fò, ẹnikẹ́ni ò ní kán wọn lójú. Kí wọ́n má mú nǹkan kan dání, kí wọ́n wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó lójú omi, kí wọ́n sì di apá ẹni tó ń gbà wọ́n mú, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, torí ìka máa ń yọ̀ àmọ́ apá tó di apá mú kì í yọ̀ bọ́rọ̀. A kì í sún mọ́ òkìtì yìnyín jù, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀ ló wà lábẹ́ omi, ó sì lè dojú dé láìsọ fẹ́nì kankan, tó bá ga tó ilé, mo máa ń jìnnà sí i tó ìlọ́po mẹ́ta gíga ẹ̀ ó kéré tán. Ẹ sọ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà látọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, á fi wọ́n sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í fò sókè bíi iwájú.