Ẹ yé fi strlen ka báìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ di àkọsílẹ̀ yín sínú string (ibi tí ètò ń kó lẹ́tà jọ sí), ẹ fi ránṣẹ́ láti orí socket (ẹnu ọ̀nà tí ètò fi ń bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀), àmọ́ díẹ̀ ló ń dé. Mo mọ ibi tó ti ń já. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni mo bá àwọn tó ń ra kòkó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣe: wọ́n á wọn kòkó ní Ìbòkun, fóònù á fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà n'Íléṣà.

Àpò onikílò 64 ló tú àṣírí. Bí ẹ bá fi báìtì mẹ́rin kọ 64, ohun tó máa wà níbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ní ònkà onímẹ́rìndínlógún (hex), ni 40 00 00 00. 40 yẹn ni àmì @. Òdo ló tẹ̀ lé e, báìtì òdo sì ni òpin string nínú èdè C. strlen, tó máa ń ka gígùn string títí á fi kan òdo, á ka ẹyọ kan, á dúró. @ nìkan ló ń dé Iléṣà! std::string, ìyẹn string ti C++, ò lẹ́ṣẹ̀ o, ó mọ gígùn ara rẹ̀. Ohun tí c_str() mú jáde, tí ẹ ń gbé fún strlen, ló ń gé e. data(), tó ń tọ́ka sí báìtì yín, àti size(), tó ń sọ iye wọn, ni kẹ́ ẹ lò.

Èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ ka báìtì bí ọ̀rọ̀ UTF-8 (ìlànà tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà di báìtì). 200 ni C8. Bí òdo bá tẹ̀ lé C8, kò bá òfin UTF-8 mu, ọ̀pọ̀ ètò á sì fi EF BF BD, ìyẹn àmì "�", rọ́pò C8 yẹn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa rí i gbà padà, torí báìtì mìíràn tó bá ṣẹ̀ náà á di ohun kan náà. Owó àgbẹ̀ sì ni ìwọ̀n yẹn.

Tó bá jẹ́ TCP lásán, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé báìtì fún ara wọn, ẹ kọ́kọ́ fi gígùn ránṣẹ́ ní báìtì mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi htonl (tó ń to báìtì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe fẹ́ ẹ) tò ó, kí báìtì yín wá tẹ̀ lé e. Ṣe ni TCP ń ṣàn bí odò, kò mọ ibi tí iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán parí sí. Ẹ máa pe recv, tó ń gba báìtì wọlé, títí gígùn yẹn á fi pé.

Bó bá di dandan kó gba inú JSON, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbà, ẹ lo Base64, tó ń sọ báìtì di lẹ́tà lásán. Báìtì 300 á di lẹ́tà 400. Dátà tó jẹ yẹn tọ́ sí i.

Ní báyìí, ẹ fi 64, 200 àti 256 ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tẹ báìtì tó jáde àti èyí tó wọlé síbí. Màá bá yín wò ó.